Ẹ Rán Àlejò Níṣẹ́

Nínú oṣù karùn-ún, àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá lo ọ̀sẹ̀ ọdún Ifá ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó wà láti ṣe. "Bùọ̀dá mi, ẹ bá mi to ibi tí a máa lọ lẹ́sẹẹsẹ, kí n lè fi pín ọjọ́ wa." Ta ni wọ́n bí ní Ìrẹmọ tí kò ní lè ka àwọn ibi wọ̀nyẹn lójú oorun? Mo to Òkè Ìtasẹ̀ sí i, mo to ààfin, mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ère Mọremí, ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó dúpẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Kò bùṣe fún èmi. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ohun tí mo kọ yẹn fi ń jẹ mí lọ́kàn. Kì í ṣe pé irọ́ wà níbẹ̀. Gbogbo ibi tí mo dárúkọ ló yẹ kéèyàn fojú kàn. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé bí èèyàn bá tẹ̀ lé e láti òkè délẹ̀, ó lè lo ọjọ́ méje gbáko ní Ifẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ Ifẹ̀ kankan bá a sọ ju "Ẹ káàbọ̀" àti "Ẹ mówó wá" lọ. Nígbà tí mo sì wo ara mi, mo rí i pé yàtọ̀ sí Òkè Ìtasẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú ibi wọ̀nyẹn tí èmi tàbí ará ilé mi máa ń dé ní ọ̀sẹ̀ náà. Níbo gan-an là ń wà nígbà tí àlejò bá ń wò wá?

Ìlú kún

Ẹni tó bá ti wà ní Ifẹ̀ nígbà tí oṣù kẹfà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé mọ bó ṣe ń rí. Hòtẹ́ẹ̀lì á kún, yàrá inú ilé á di ohun tí à ń fi háyà. Kòrópe á fowó kún owó, bí o bá sì bá dírẹ́bà jà, á ní ṣé o ò rí èrò ni. Aṣọ funfun á gba ojú títì, òjò náà ò sì ní gbàgbé ìlú, nítorí náà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrẹ̀ pupa á ti gun ìṣẹ́tí aṣọ gbogbo awo. Àwọn kan ti Brazil wá, àwọn mìíràn ti Kúbà, Mẹ́síkò, Trinidad àti Amẹ́ríkà. Babaláwo láti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti láti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá náà á gòkè. Wọ́n á dá Ifá ọdún lórí Òkè Ìtasẹ̀, odù á yọ, kó tó dalẹ́, odù náà á ti wà lórí fóònù àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà òkè ọ̀hún.

UNESCO ka Ifá mọ́ ohun àjogúnbá pàtàkì aráyé ní 2005, wọ́n sì fi í sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń gun òkè yẹn kò dúró de ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó máa gùn ún. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ báyìí. Ìlù ìpèsè kò nílò rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń sun ìyẹ̀rẹ̀ Ifá kò nílò rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó sún mọ́ ọn.

Wọ́n máa ń sọ pé kò sí ọjọ́ tí wọn kì í bọrìṣà n'Ífẹ̀, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí àlejò ń pè ní ọ̀sẹ̀ ọdún, fún onílùú, ọ̀sẹ̀ tí èrò pọ̀ ni. Ọlọ́jọ́ ṣì wà níwájú, níbi tí Ọọ̀ni ti máa ń dé adé Ààrẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Ẹdì wà lẹ́yìn ìyẹn. Àìmọye ọdún kéékèèké tí àgbo-ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣe láìpe ẹnikẹ́ni wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí mo tò fún àbúrò mi kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ó ń sọ fún un pé ọjọ́ méje tó láti rí Ifẹ̀ tán. A bí wa síbẹ̀, a ò tíì rí i tán.

Àlejò lójú, kò fi ríran

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àlejò lójú, kò fi ríran, àwa náà sì ń fi òwe yìí pẹ̀gàn àlejò nígbà gbogbo. Ó ra ọjà ní ìlọ́po méjì, àlejò lójú. Ó tẹsẹ̀ bọ ibi tí a kì í dé, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n ta ló di í lójú gan-an? Èmi ti wá gbà pé àwa onílé ni.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ó wọlé, a gbé àga fún un. A bu omi tútù. A kì í jẹ́ kó gbé àwo tó fi jẹun kúrò nílẹ̀, a kì í jẹ́ kó mọ ibi tí kànga wà. Bó bá kàn dìde báyìí, gbogbo ilé á pariwo: "Ẹ jókòó, ẹ jókòó!" Lọ́jọ́ kejì a gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ gbé e dé iwájú ère, ó ya fọ́tò, a gbé e padà. Ìwà ọmọlúàbí ni gbogbo rẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́. Àmọ́ ó tún jẹ́ ọ̀nà tí a ń gbà sọ fún un pé kì í ṣe ara wa. Ọmọ ilé là ń rán níṣẹ́.

Ọmọ tó dàgbà n'Ífẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an ló fi mọ ìlú. "Lọ wò ó bóyá ìyá eléèlò ti dé." "Lọ bá mi gba owó lọ́wọ́ bàbá ẹ." "Sáré lọ kí wọn, kí o sì sọ pé mo ń bọ̀." Ìyá á tutọ́ sílẹ̀, á ní kí itọ́ yẹn tó gbẹ, kí ọmọ ti dé. Kí itọ́ ọ̀hún tó gbẹ lọmọ fi ń mọ ẹ̀bùrú tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ilé tí ajá wọn ń géni jẹ, àgbàlagbà tó jẹ́ pé bí o kò bá kí i dáadáa, á ránṣẹ́ sílé, àti ilé tí ìyá rẹ kò bá sọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé o kò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi èyíkéyìí nínú wọn hàn án. Ó ń lọ jẹ́ iṣẹ́ ni, ó sì ń rí wọn.

Abọ́ ẹ̀wà

Ohun tó là mí lójú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin kan tó wá láti Bahia, ní Brazil, wọ̀ sí ilé wa nítorí pé hòtẹ́ẹ̀lì ti kún. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ awo, ó dúdú, ó síngbọnlẹ̀. Bó bá dúró ní Lágéré, kò sẹ́ni tí kò ní fi Yorùbá kí i. Orin òrìṣà wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tí àwa fúnra wa kò gbọ́ rí pàápàá, àmọ́ kò lè fi Yorùbá béèrè omi mu. A ti gbé e dé ààfin, a ti gbé e dé gbogbo ibi tó yẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ya fọ́tò, ó dúpẹ́. Bó bá sì délé, á jókòó sórí àga tí a gbé fún un, á máa wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Èlùbọ́ ni wọ́n tà títí orúnkún fi ní kí wọ́n sinmi, títí di òní gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti bó ẹ̀wà àkàrà tán, wọ́n ti gé àlùbọ́sà àti ata rodo sí i, àwọn ọmọdé sì ti lọ sílé ìwé. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n gbé abọ́ náà fún àlejò.

"Ọmọ mi, gbà. Gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ."

Mo fò dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àlejò ni o. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ọwọ́ ń dùn ún ni?"

Wọ́n kọ́ ọ ní gbólóhùn kan, "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló rán mi," wọ́n ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, wọ́n ní kò tíì dáa, ó tún un sọ. Wọ́n wá tutọ́ sílẹ̀, wọ́n nàka sí i. Ọkùnrin náà wo itọ́, ó wo ojú mi. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó gbé abọ́, ó ki eré mọ́lẹ̀. Bó ṣe yí kọ́nà ni Màmá rọra pè mí: "Tẹ̀ lé e. Má jẹ̀ẹ́ kó rí ọ o."

Ẹ̀yin náà mọ ibi ẹ̀rọ ìlọta. Páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, ilẹ̀ tó tutù, ariwo tí kò jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Abọ́ ló ń tò níbẹ̀, èèyàn kì í tò: bọ́kẹ́ẹ̀tì tòmátì, ike ata, agbada àgbàdo tí wọ́n rẹ fún ògì, àwọn tó ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ọkùnrin wa kò mọ̀. Ó lọ dúró sẹ́yìn obìnrin kan tó kàn dìde na ẹsẹ̀, ó gbá abọ́ mọ́ àyà.

"Bùọ̀dá, abọ́ lẹ máa tò. Ẹ gbé e sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bùọ̀dá! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ẹlòmíràn dá sí i, "ṣé o ò mọ àwọn ọkùnrin òde òní ni? Wọ́n fẹ́ gba iwájú wa."

Ìgbà náà ló yé e pé òun ni wọ́n ń bá wí. Mo rí i láti ẹ̀yìn òpó tí mo sá sí, òógùn bò ó. Ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan kàn lẹ́nu, ó sì jẹ́ èyí tó mọ̀ jù lọ, ìkíni awo. Ó tẹrí ba, ó pariwo lé ẹ̀rọ lórí: "Àbọrú, àbọyè!"

Bí wọ́n ṣe ń wò ó nìyẹn, abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó tó jókòó ti àgbàdo rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ló dá a lóhùn: "Àbọyè, àbọṣíṣẹ." Ni gbogbo wọn bá dà sẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in. Obìnrin àkọ́kọ́ nu ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó bi í pé, "Ta ló rán ọ?"

"Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ló rán mi."

Ohùn rẹ̀ gba ibi tí kò yẹ kó gbà, àmọ́ orúkọ náà dé ibi tó ń lọ. "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ wa! Orúnkún wọn ń kọ́? Ṣé wọ́n ti ń lo àgbo yẹn?" Kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e síbi tó yẹ lórí ìlà, wọ́n sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Mo ti gbé e dé ibi púpọ̀ nílùú yìí, mo ti fi í han ìjòyè, mo ti fi í han ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé ta ló rán an. "Níbo lẹ ti wá?" ni wọ́n ń bi í.

Ìyá ológì kò gbà kí ata ṣáájú òun, wọ́n jà á, wọ́n parí rẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀wà wa, ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ bu omi kún ife, ó fẹ́ dà á sí i. Àlejò na ọwọ́, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kékeré," ó ní. "Kékeré, kékeré."

Ẹlẹ́rọ wò ó. Àwọn obìnrin náà wò ó, ariwo sì sọ: "Ó mọ̀ ọ́n! Ó mọ̀ pé àkàrà ni!"

Kí ló dé tí kò ní mọ̀ ọ́n? Ní Bahia, àwọn obìnrin a máa wọ aṣọ funfun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n á máa din àkàrà nínú epo pupa. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà, wọ́n á pò ó títí á fi fúyẹ́. Bí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó di ìfà fún epo, kò ní dúró. Ìyá rẹ̀ àgbà ni ó tà á, òun sì ni ọmọ tó ń bá a gbé agbada nígbà èwe. A ti gbé ọkùnrin yìí kiri ìlú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí pé kò sí ibi tí a gbé e lọ tí wọ́n ti nílò ohun tó mọ̀.

Nígbà tó ń bọ̀ nílé, bọ́kẹ́ẹ̀tì ògì ìyá arúgbó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì, torí ẹni tó bá ti ní ẹni tó rán an, ó ti di ẹni tí wọ́n lè rán. Obìnrin kan tún fún un níṣẹ́ pé kó sọ fún Màmá pé òun ń bọ̀ lálẹ́ wá gba owó àjọ. Kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó kàn ń tún un pè lẹ́nu lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ di orin, mo sì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wa. Itọ́ ti gbẹ tipẹ́. Ó dúró níwájú Màmá, ó jẹ́ iṣẹ́ náà láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Owó àjọ kẹ̀?" Màmá ní. "Padà lọ sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Láti ọjọ́ yẹn kò tún bi mí pé níbo ni à ń lọ lónìí.

Iṣẹ́ ni ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀

Ìtàn tí gbogbo wa mọ̀ ni n kò ní tún sọ: ẹ̀wọ̀n, iyanrìn nínú ìkarahun ìgbín, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ẹmu. Ìtàn iṣẹ́ ni. Wọ́n rán ẹnì kan níṣẹ́, ó mu ẹmu yó, ó sùn lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn bá a jẹ́ ẹ, ibẹ̀ ni Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tó ní irú ìpìlẹ̀ yìí ló wá ń fi àlejò jókòó sójú kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú àwọn ohun tí èrò ń rọ́ lọ wò. Ní 1910, Leo Frobenius ti ilẹ̀ Jámánì mọ̀ọ́mọ̀ wá sí Ifẹ̀ láti wá ohun àrà. Ó dé igbó Olókun, ó rí orí tí à ń pè ní Orí Olókun, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní ọwọ́ àwọn ará Atlantis ló wà níbẹ̀, ìlú tí ìtàn Gíríìkì ní ó rì sínú òkun. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ ló yí i ká nígbà tó ń sọ ọ́. Ó lójú o.

Ní 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní àgbo-ilé Wúnmọníjẹ̀, ọkọ́ wọn kan orí idẹ. Wọn kò wá ohun àrà kankan; wọ́n ní kí wọ́n kọ́lé ni. Ọ̀kan nínú àwọn orí wọ̀nyẹn wà ní British Museum ní London títí di òní. Ní 1957, lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó ló kan àwọn ère idẹ, títí kan ti ọba àti olorì tí wọ́n kọ́wọ́ kọ́ra. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ wà, ẹ sì lè bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa: àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀gbẹ́, ìlà kan dagun sí ọ̀tún, èkejì dagun sí òsì, tí ó le títí di òní. Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun rìn nínú òjò oṣù kẹfà mọ̀ pé obìnrin náà kò ṣàṣejù. Àmọ́ ẹni tí mo ń rò bí mo bá dé ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n rán, tó bẹ̀rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tó ń to àpáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó rán àwọn baba ńlá àlejò wa níṣẹ́ lọ sí Bahia. Wọ́n kó wọn lọ ni. Nígbà tí ọmọ wọn padà wá, a gbé àga fún un.

Àwọn iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Bí ẹ bá wá bi mí nísinsìnyí pé kí ni èèyàn lè ṣe n'Ífẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìlú kún, iṣẹ́ ni n óò rán yín.

Ẹ lọ sí ọjà Odò-Ògbè kí ẹ ra obì àbàtà àti orógbó fún àgbàlagbà kan tí ẹ ń lọ kí. Bí ẹ kò bá ní àgbàlagbà, ẹ bi onílé yín, á wá ọ̀kan fún yín. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mọ ẹni tí ẹ ń rà á fún. Á bá yín ṣà á. Ẹ má lọ ní ọ̀sán gangan.

Ẹ dé mùsíọ́ọ̀mù ní àárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo èrò bá gòkè, ibẹ̀ á dá páro. Iṣẹ́ tí mo rán yín síbẹ̀: àwọn orí kan ní ilà wẹ́wẹ́ tó gba ojú wọn láti òkè délẹ̀, ojú àwọn mìíràn sì ń dán láìní ilà kankan. Ẹ bi ẹni tó wà níbẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bi bàbá arúgbó kan nígboro. Ẹ gbé ìdáhùn méjèèjì wá fún mi. Ní ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta tó ga ju mítà márùn-ún lọ yẹn, ẹ ka ìṣó irin tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó mú fóònù jáde, kí ẹ sì wò ó bóyá iye tí ẹ kà bá ti ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ mu. Ère Mọremí tí wọ́n ṣí ní 2016, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42, kò ní sá lọ. Ẹ lè rí i láti inú kòrópe. Ọgbà yunifásítì lẹ́wà, wọ́n sì tún wà níbẹ̀ láti 1967 tí wọ́n kó kúrò n'Íbàdàn, àmọ́ n kò rò pé ẹnikẹ́ni á rán yín níṣẹ́ níbẹ̀ àfi kí ẹ lọ ṣe ẹ̀dà ìwé.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ wọ ọkọ̀ Iléṣà kí ẹ sọ̀ ní Òṣú, kí ẹ ra àkàrà Òṣú fún gbogbo ilé tí ẹ wọ̀ sí. Ẹ bi wọ́n iye tí oníkálukú fẹ́ kí ẹ tó lọ. Ó máa tutù kí ẹ tó dé, wọ́n á sì ráhùn, wọ́n á jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín. Ìlẹ̀kùn mìíràn wà tí èmi tí wọ́n bí síbí kò tíì wọ̀ rí. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Mo sì ní láti sọ èyí: àwọn kan wà nílùú yìí tó ń rán àlejò níṣẹ́ owó. Lọ mú dọ́là wá fún ẹbọ, lọ mú òmíràn wá, èyí àkọ́kọ́ kò tíì gbà. Iṣẹ́ tí mo ń sọ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, wọ́n ní a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Kí àlejò yáa mọ ilé ẹni tó ń rán an, kí aládùúgbò náà sì mọ̀ ọ́n.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá kan ní àdúgbò wa tó ń gba àlejò lọ́dọọdún, inú bí i. Àwọn obìnrin méjì kan láti Mẹ́síkò wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn jí ní ìdájí, ó mú ìgbálẹ̀, ó ti gbá ojúde dé ìdajì kí onílé tó jáde wá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ló dé tó já a gbà. Ó ní ṣé orí mi pé ṣá, pé èèyàn wọ bàálù kọjá òkun, èmi ń ní kó wá gbálẹ̀ ilé òun. Mo ní òun náà ló mú ìgbálẹ̀, wọn kò rán an. Ó ní, "Bí ìyá ẹ̀ bá bi mí ńkọ́?" A fà á títí. Nígbà tó yá, ó gbà pé lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n lè bá òun ṣa ẹ̀wà. Ti ìgbálẹ̀, ó ní láéláé.